Òtútù Tí Dókítà Fi Ń Tún Ọkàn Ọmọdé Ṣe



Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan owó ìrànwọ́ àìsàn, ìyá kan nínú wa béèrè ohun kan tí kò sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ níjọ́ náà. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọmọ-ọmọ wọn ní ihò nínú ọkàn, pé iṣẹ́ abẹ ni yóò tún un ṣe, àti pé wọn yóò kọ́kọ́ mú ara ọmọ náà tutù. Ìyá ní, "Ọmọ tí òtútù àyà ń gbé dè lóṣooṣù, òtútù wo ni wọ́n tún fẹ́ fi kún un?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín, nítorí pé ìdílé náà kò tíì gbà kí wọ́n gbé ọmọ lọ. Ìgbìmọ̀ wá ní kí èmi akọ̀wé wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa kí gbogbo wa lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí nìyí.

KÍ NI IHÒ INÚ ỌKÀN?

Ọkàn ènìyàn kò tóbi ju ìkúùkù olúwarẹ̀ lọ. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ògiri sì wà láàárín ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀jẹ̀ tí ara ti lò tán á wọ apá ọ̀tún, ọkàn á tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun. Láti ibẹ̀ ni yóò ti padà sí apá òsì, tí apá òsì yóò sì fi agbára tì í lọ sí gbogbo ara, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ọmọ mìíràn wà tí wọ́n bí tí ògiri àárín yìí kò pàdé tán. Ihò lè wà láàárín yàrá òkè méjèèjì tàbí láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ti ìsàlẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, iṣan kan tí ọmọ ń lò nínú oyún, tó yẹ kó pa dé lẹ́yìn ìbí, á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ti àwọn kan tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ihò wà, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró sì fún, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ á wá máa gba inú ihò kọjá sí ara, ahọ́n àti èékánná ọmọ á sì máa dúdú bí ẹlú.

Káàkiri ayé, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bá bí, bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló máa ń ní irú àléébù ọkàn kan tàbí òmíràn. Ó wà nílé olówó, ó wà nílé tálákà, ó wà ní ilẹ̀ òyìnbó, ó sì wà níhìn-ín. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. A mọ̀ pé bí rùbẹ́là, ìyẹn àìsàn kan tó jọ èéyi, bá kọlu ìyá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó lè fà á. Ìtọ̀ ṣúgà tí wọn kò tọ́jú, ọtí líle àti àwọn oògùn kan náà lè fà á. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í sì í ṣe pé ọmọ náà fẹ́ padà síbi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ ká dáhùn apá kan ìbéèrè ìyá wa níhìn-ín. Òtútù àyà tó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léraléra kì í ṣe nítorí pé atẹ́gùn tutù fẹ́ sí i tàbí pé òjò pa á. Ihò yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù ya lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró á kún, á wú, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sì rí ibi fara pamọ́ sí. Orúkọ tí àwa Yorùbá pe àìsàn náà ló ń jẹ́ ká rò pé òtútù ló bí i. Bí wọ́n bá dí ihò náà, òtútù àyà àràmàǹdà yẹn á dín kù.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń MÚ ARA TUTÙ?

Láti dí ihò, dókítà ní láti la ọkàn kó sì rán an. Ẹ wá rò ó wò. Ọkàn ń mì, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Ta ló lè rán aṣọ tó ń fò sókè sódò nínú odò? Wọ́n ní láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ojú wọn tó lè rí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bíbàjẹ́ ọpọlọ kò sì ní àtúnṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kò tó fún iṣẹ́ náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi òwò wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọ̀nà bá dí tí ọkọ̀ ẹrù kò lè wọ Ọ̀rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, oníṣòwò tó gbọ́n kò ní máa ná owó bí ìgbà tí ọjà ń yá. Á pa jẹnẹrétọ̀, á dín ẹran ọbẹ̀ kù, á sún ìnáwó àríyá síwájú. Owó tí ì bá tán ní ọjọ́ méjì á gbé e dé ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí ọ̀nà á ti là. Bí ara ti ṣe rí gan-an nìyí. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni owó tí ara ń ná. Bí ara bá gbóná ní dígírì 37, tó jẹ́ ti ara tó le koko, ìnáwó rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fi dígírì mẹ́wàá mú un tutù, ohun tó ń ná á dín kù ní bí ìdajì. Bí ẹ bá tún fi mẹ́wàá mìíràn dín in, ìdajì ìdajì náà ló kù. Òtútù tún ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń ká àwọn májèlé kan lọ́wọ́ kò, èyí tí ọpọlọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà máa ń tú sílẹ̀ láti fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní bí dígírì 18, àwọn dókítà gbà pé ẹ̀jẹ̀ lè dúró fún ìṣẹ́jú 30 títí dé 40 láìfi bẹ́ẹ̀ pa ọpọlọ lára.

Òtútù kò wo ihò ọkàn sàn. Àkókò ni dókítà ń fi rà, abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń di ihò.

Ẹ má sì rò pé wọ́n sọ ọmọ di ẹja inú kóòlù-rúùmù. Ẹja ti kú kó tó dé inú yìnyín. Dígírì 18 kì í ṣe yìnyín, nítorí òdo ni omi ń dì. Òwúrọ̀ ọyẹ́ líle níhìn-ín lè sún mọ́ 18. Ọmọ náà dà bí àtùpà tí a yí òwú rẹ̀ wálẹ̀: iná rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò kú.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi omi tútù wẹ ọmọ aláìsàn nílé nítorí ohun tí mo kọ yìí. Ara tó lajú sílẹ̀ kì í gba òtútù bẹ́ẹ̀. Á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á sì mú kó ná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti fún ọmọ ní oògùn oorun àti oògùn tí kò jẹ́ kí ara gbọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nílé, ìbora àti àyà ìyá ni ti ọmọ ọwọ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Dókítà kan ní Toronto ní Kánádà, Wilfred Bigelow, ló kọ́kọ́ rò ó jinlẹ̀ pé òtútù lè ran iṣẹ́ abẹ ọkàn lọ́wọ́. Ilẹ̀ wọn tutù, ó sì ti tọ́jú ẹni tí òtútù ba ìka rẹ̀ jẹ́. Ní 1950 ó tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí ajá jáde: ó mú wọn tutù dé 20, ó dá ẹ̀jẹ̀ wọn dúró fún ìṣẹ́jú 15, bí ìdajì wọn sì yè é.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1952, ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, dókítà John Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tó ní ihò láàárín yàrá òkè. Wọ́n fi ìbora tí omi tútù ń gba inú rẹ̀ kọjá wé e títí ara rẹ̀ fi dé 28. Wọ́n dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ọkàn, wọ́n la ọkàn, wọ́n rán ihò náà, wọ́n sì pa á dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sínú omi gbígbóná láti mú kí ara rẹ̀ padà yá. Ọpọ́n omi náà jẹ́ irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ wọn ń fi fún màlúù lómi. Ọmọ náà yè, ó sì padà sílé. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn rẹ̀, tí wọ́n fojú rí inú rẹ̀ kedere, tí wọ́n tún un ṣe, tó sì yè.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní òdiwọ̀n. Bí ara bá tutù kọjá bí 28, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìti ẹ̀jẹ̀ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́wàá tí wọ́n rí kò sì tó fún ihò ńlá. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún 1953, dókítà John Gibbon ní Philadelphia lo ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró papọ̀, ó sì yọrí sí rere fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan. Àwọn dókítà wá so méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ àti òtútù. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, ní Kyoto ní Japan, àti ní Auckland ní New Zealand lọ́wọ́ Brian Barratt-Boyes, wọ́n ti ń mú àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá tutù dé nǹkan bí 20 láti tún ọkàn tó kéré bí èso àgbálùmọ̀ ṣe.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É LÓNÌÍ

Lẹ́yìn oògùn oorun, dókítà á la àyà, á ki rọ́bà sínú àwọn iṣan ńlá tó wọ ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ á máa gba inú rọ́bà lọ sínú ẹ̀rọ, á gba afẹ́fẹ́, á sì padà sínú ara láìgba inú ọkàn. Inú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ti ń mú ẹ̀jẹ̀ tutù. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sè ògógóró lọ́nà Òkìtìpupa á mọ bó ṣe ń rí: páìpù tí oru ń gbà kọjá nínú omi tútù, omi kò wọ inú páìpù, síbẹ̀ ohun inú páìpù ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tútù ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kọjá, tí wọn kò dàpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ọmọ padà yá, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n á gbà kọjá. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru wà nímú ọmọ, òmíràn wà ní ìdí, nọ́ọ̀sì àti dókítà oorun kì í sì í gbé ojú kúrò lára wọn.

Ọkàn fúnra rẹ̀ tún gba òtútù tirẹ̀. Wọ́n á fún un ní omi oògùn tó tutù gan-an, tó ní iyọ̀ pọ́tásíọ̀mù nínú, ọkàn á sì dúró jẹ́ẹ́ kí iṣẹ́ lè ṣeé ṣe. Dókítà á fi alẹ̀mọ́ dí ihò náà. Nígbà mìíràn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ọkàn ọmọ náà ká ni wọ́n ń gé díẹ̀ lára rẹ̀ láti fi ṣe alẹ̀mọ́. Bí wọ́n bá parí, ẹ̀jẹ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á wọ ọkàn, ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà. Bí ó bá lọ́ra, wọ́n á fi iná díẹ̀ ta á jí.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń mú dé 18. Fún ihò tí kò le, ọ̀pọ̀ dókítà kì í mú ara lọ ju 32 tàbí 34 lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ láìdúró. Òtútù tó jinlẹ̀ wà fún àwọn iṣẹ́ tó díjú lára ọmọ kékeré tàbí lára iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde. Iṣan tó yẹ kó pa dé lẹ́yìn ìbí kò nílò òtútù rárá. Láti 1938 ni Robert Gross ti so ó pa ní Boston láìla ọkàn. Àwọn ihò kéékèèké kan sì wà tó máa ń dí fúnra wọn bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Nítorí náà, kí ẹ bi dókítà yín pé irú wo ni ti ọmọ yín.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

N kò ní fi ewu pa mọ́ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ tó tutù kì í tètè dì, ọmọ lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín lè rẹ̀. Bí wọ́n bá yára jù láti mú ara padà gbóná, ó lè pa ọpọlọ lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra ṣe é. Ní 1993, àwọn dókítà ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n mú tutù gan-an. Wọ́n rí i pé gìrì mú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dúró pátápátá ju àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ ń gé ìṣẹ́jú ìdádúró náà kúrú.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ewu jíjókòó sílé wé e. Bí ihò ńlá bá ti pẹ́ jù tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ya wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn iṣan ẹ̀dọ̀fóró á le, á sì dé ìgbà kan tí dókítà á ní ọwọ́ ti bọ́, pé dídí ihò náà gan-an lè pa ọmọ. Ibẹ̀ ni ìdádúró ti ń pani. Òògùn wà fún un lónìí, ó lè má sí fún un ní ọdún mẹ́ta sí i.

NÍ ILẸ̀ WA ŃKỌ́?

Ní 1974, ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Enugu, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn lílà ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ ní London, wà lára àwọn tó ṣe é. Síbẹ̀, láti ìgbà náà títí di ọdún 2000, iye tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí kò ṣòro. Iná gbọ́dọ̀ wà láìṣẹ́jú. Ohun èlò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ, ẹnìkan péré ni wọ́n ń lò ó fún kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń rà á. Àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ tuntun láti abẹ kò sì pọ̀.

Lónìí, ọ̀nà kò jìn bíi ti àtijọ́. UCH Ìbàdàn, LUTH àti LASUTH ní Èkó, àti ilé-ìwòsàn yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ní Accra, ibùdó ìtọ́jú ọkàn tó wà ní Korle Bu, tí Kwabena Frimpong-Boateng dá sílẹ̀ ní 1989, ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ẹ bá wà ní Ọ̀rẹ̀ tàbí Odìgbó, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí jẹ́nẹ́rà ọsibítù, kí wọ́n fún yín ní ìwé lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, bíi ti UNIMED ní Ondó. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya àwòrán ọkàn láìgún ọmọ ní abẹ́rẹ́ kankan. Òun ló ń sọ bí ihò ṣe tóbi tó.

ÀMÌ TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢỌ́

Kí ẹ má fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣeré:

1. Ọmọ ọwọ́ tó ń làágùn níwájú orí tó sì ń sinmi léraléra bó ṣe ń mu ọmú.

2. Ọmọ tí kò sanra, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òtútù àyà kì í fi sílẹ̀.

3. Ahọ́n àti inú ẹnu tó dúdú bí ẹlú. Nítorí pé ara wa dúdú, ẹ má wo awọ, ahọ́n ni kí ẹ wò.

4. Ọmọ tó máa ń lóṣòó bó bá sáré díẹ̀, kó tó lè mí dáadáa.

Bí wọ́n bá ti sọ pé ihò wà, ẹ má jẹ́ kí eyín ọmọ náà bàjẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín rẹ̀ láìsọ fún dókítà. Kòkòrò inú ẹnu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ ba sí ibi ihò náà. Ẹ gbà á ní gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Ẹ bi dókítà pé: Irú ihò wo ni? Ṣé ó lè dí fúnra rẹ̀? Dìgbà wo la lè dúró dà? Dígírì mélòó lẹ ó mú ara rẹ̀ dé, fún ìṣẹ́jú mélòó? Irú iṣẹ́ yìí mélòó lẹ ti ṣe lọ́dún tó kọjá? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá síwájú yín ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èkíní, kí ẹ̀yáwó pàjáwìrì fún àìsàn ọkàn ọmọdé má dúró de oṣù tuntun, kí ààrẹ, akápò àti akọ̀wé lè fọwọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú onídùúró méjì. Èkejì, kí a ní ìwé orúkọ àwọn tó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe é ṣe láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ máa bá ìdílé náà lọ sí ìlú ńlá nígbà àkọ́kọ́, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà ni í ti í rẹ̀ ẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí oníkálukú ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, kó sì wá pẹ̀lú èrò rẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ogun ọmọ o.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́